Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá àti Àwọn Oògùn Ìyára

Àwọn tí ó wá orúkọ Yorùbá fún kọ̀ǹpútà pè é ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Orúkọ náà bá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà mu, nítorí pé bí àṣá ti í já wálẹ̀ láti ojú ọ̀run, tí í sì gbé òròmọdìẹ lọ kí ìyá rẹ̀ tó gbójú sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà í ṣe ìṣirò tí ìbá gba ènìyàn ní odindi ọjọ́ kan kí a tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà ní Ìsàlẹ̀ Òsì, tàbí ní Bẹẹrẹ, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà'ba, ní àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá wo èsì ìdánwò wọn, yóò rí i pé àṣá ti di ìgbín ní ibòmíràn. Ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò ká ọwọ́ gbera, yóò máa wo ojú ẹ̀rọ. Àwọn tí ó tò sí ẹ̀yìn yóò sì máa pòṣé.

Kò sí ibi tí àìsàn wà tí olóògùn kì í yọjú sí. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń sọ fún wa pé bí a bá tún ètò olùdarí kọ̀ǹpútà tò, bí a bá pa èyí tí a tan tọ̀hún, bí a bá fọ ìhín tí a gbọn ọ̀hún nù, ẹ̀rọ tí ń fà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹṣin. Àwọn mìíràn ń gba owó lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn kàn ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ òtítọ́ ni? Ní tèmi, èrò mi ni pé púpọ̀ nínú àwọn oògùn ìyára wọ̀nyí kò ní agbára kankan. Àwọn díẹ̀ ní agbára, ṣùgbọ́n kìkì níbi tí wọ́n bá bá àìsàn ẹ̀rọ mu. Agogo nìkan ni ó sì lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa.

Kí á tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí á mọ ohun tí ètò olùdarí í ṣe. Windows tí ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin wa. Linux sì jẹ́ òmíràn. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá oníṣòwò kan ní Ọjà'ba ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá náà fúnra rẹ̀ dà bí ọpọlọ ẹ̀rọ, nítorí òun ni ó ń ṣírò owó, tí ó sì ń dá oníbàárà lóhùn. Àtẹ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni RAM: ohun tí ó bá wà lórí àtẹ, ojú ẹsẹ̀ ni yóò nawọ́ mú un. Yàrá ìkẹ́rù tí ó wà nínú ilé rẹ̀ ní Bẹyẹrunka ni díìsìkì: ibẹ̀ ni ọjà púpọ̀ wà, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bèèrè ohun tí kò sí lórí àtẹ, a ó rán ọmọ lọ sílé, gbogbo ènìyàn yóò sì dúró títí ọmọ yóò fi dé. Ètò olùdarí ni ọgbọ́n ìtajà tí ìyá náà fi ń mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà lórí àtẹ, èyí tí ó yẹ kí ó wà nílé, àti oníbàárà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí a bá mú àpẹẹrẹ yìí dání, a ó lè yẹ oògùn kọ̀ọ̀kan wò.

Èkíní ni ètò tí a fi ń fọ RAM. Ẹni tí ó gbé e wá yóò fi hàn ọ́ pé RAM ẹ̀rọ rẹ ti kún ju ìdajì lọ. Yóò tẹ bọ́tìnnì kan, àyè yóò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lójú rẹ. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin kan dé ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò wa, tí ó palẹ̀ gbogbo ọjà tí ó wà lórí àtẹ mọ́, tí ó kó wọn padà lọ sí Bẹyẹrunka, tí ó wá ní, “Ìyá, ẹ wo bí àyè ti gba yín tó!” Lóòótọ́ ni àyè gbà, ṣùgbọ́n oníbàárà àkọ́kọ́ tí ó bá dé yóò dúró de ọmọ tí a rán lọ sílé. Àtẹ tí ó ṣófo kì í pa owó wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni RAM tí ó ṣófo kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Ètò olùdarí òde òní a máa mọ̀ọ́mọ̀ kó ohun tí ó rò pé a óò tún bèèrè sínú RAM. Bí iṣẹ́ tuntun bá sì ń fẹ́ àyè, òun náà ni yóò tètè yọ wọ́n kúrò. Mark Russinovich, ẹni tí ó mọ inú Windows tó bẹ́ẹ̀ tí Microsoft fi gbà á sí iṣẹ́ ní ọdún 2006, ti kọ àpilẹ̀kọ kan tẹ́lẹ̀ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ̀tàn ni ó sì pè é.

Ẹ̀tàn náà kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1995, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Syncronys gbé ètò kan jáde tí ó pè ní SoftRAM95. Ó ní ẹni tí ó bá fi í sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò ní RAM ìlọ́po méjì láìra ẹyọ RAM kan. RAM wọ́n gógó ní àkókò náà, àwọn ènìyàn sì fi ìtara ra ètò yìí. Ó lé ní 600,000 tí wọ́n tà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú u wò, tí wọ́n ka ohun tí ó ń ṣe ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n rí i pé kò fi ohunkóhun kún RAM lórí Windows 95. Àwòrán tí ń sọ fún olówó pé RAM rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì ni gbogbo oògùn náà. Ní oṣù December ọdún kan náà, wọ́n ní kí a dá ọjà náà padà; ní ọdún 1996, ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó òwò pe ìlérí rẹ̀ ní irọ́. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú ìtàn yìí: àwọn tí ó ra ètò náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú ẹ̀rọ ni wọ́n gbà gbọ́. Wọn kò fi agogo wọ̀n ọ́n.

Èkejì ni pípa àwọn fáìlì tí ó wà nínú fódà tí ń jẹ́ Prefetch. Láti ìgbà tí Windows XP ti jáde ní ọdún 2001 ni Windows ti máa ń kọ ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan máa ń bèèrè nígbà tí a bá ṣí i sílẹ̀, kí ó lè tètè kó wọn jọ nígbà mìíràn. Ó dà bí ìwé kékeré tí ìyá oníṣòwò kọ fún ọmọ rẹ̀: “Bí ilẹ̀ bá mọ́, ata àti iyọ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbé wá.” Àwọn kan ní kí á sun ìwé náà níná nítorí pé ó gba àyè. Bí a bá sun ún, ọmọ yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, títí wọn yóò fi kọ ìwé mìíràn. Nínú Windows XP, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ju 128 lọ, ètò olùdarí fúnra rẹ̀ ni ó sì ń pa èyí tí ó ti pẹ́ rẹ́. Ẹni tí ó bá ń pa á rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

Ẹ̀kẹta ni fífọ registry, èyí tí í ṣe ìwé ńlá tí Windows ń kọ gbogbo àṣẹ àti ìṣètò rẹ̀ sí. Wọ́n ní àwọn ìlà tí kò wúlò mọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, wọn sì ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Òtítọ́ ni pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n Windows kì í ka ìwé náà láti ojú ewé kìíní dé òpin kí ó tó rí ohun tí ó ń wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ó ń lọ tààrà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bí a bá ya ọgọ́rùn-ún ìlà kúrò nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀. Àǹfààní rẹ̀ kéré, ewu rẹ̀ sì pọ̀, nítorí ìlà kan tí a bá ṣì yọ lè mú kí ẹ̀rọ kọ̀ láti jí. Microsoft pàápàá ti sọ pé òun kò fọwọ́ sí lílo irú ètò afọ̀wé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àpótí kan tí ó wà nínú Windows, níbi tí a ti lè kọ iye ọpọlọ tí ẹ̀rọ yóò lò nígbà tí ó bá ń jí. Wọ́n á ní kí á kọ iye tí ó pọ̀ jù lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ọpọlọ tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni Windows ń lò láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Kí àwọn tí ń dán ètò wò lè dín iye náà kù ni a ṣe ṣe àpótí náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń búra pé ẹ̀rọ àwọn yára lẹ́yìn tí wọ́n lo àwọn oògùn wọ̀nyí?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Ìdí rẹ̀ jẹ́ méjì. Ìdí kìíní ni pé lẹ́yìn gbogbo àtúntò bẹ́ẹ̀, wọn a máa pa ẹ̀rọ, wọn a sì tún un tàn. Jíjí tí ẹ̀rọ tún jí yìí a máa lé àwọn ètò tí ó ti há sínú rẹ̀ jáde. Òun ni ó ṣe iṣẹ́, oògùn ni ó gba ọpẹ́. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní ọdún 2012, bí a bá kàn pa ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, apá kan ètò olùdarí a máa sùn ni, kì í kú pátápátá. Ẹni tí ó bá yan Restart ni ó mú kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. Ìdí kejì ni ọkàn ènìyàn. Ẹni tí ó ti sanwó, tàbí tí ó ti ṣe làálàá ní wákàtí méjì, ń retí ìyára. Ohun tí ọkàn bá sì ń retí, ojú a máa rí i.

Èmi kò sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí ẹ̀rọ tí ń fà. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá. Kí á kọ́kọ́ wá ibi tí ìdádúró wà. Bí ẹ̀rọ bá ń pẹ́ kí ó tó jí, ẹ wo iye ètò tí ń bá a jí. Ọ̀pọ̀ ètò ni ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti jí ní àárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Bí a bá dá àwọn tí a kò nílò dúró, ẹ̀rọ yóò tètè jí; kò gba owó kankan. Bí díìsìkì bá kún dé ẹnu, kí á yọ ohun tí a kò lò mọ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀, kí á lé e jáde. Bí ooru bá pọ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ a máa dín ìyára ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Nínú ìlú wa yìí, tí eruku ọyẹ́ a máa dí ihò afẹ́fẹ́, gbígbọn eruku kúrò lára fáànù lè ṣe ohun tí ẹgbàá ètò afọ̀nù kò lè ṣe.

Títo fáìlì díìsìkì jọ, èyí tí a ń pè ní defrag, fi hàn wá dáadáa pé ohun tí ó wo àìsàn kan lè má wo òmíràn. Díìsìkì àtijọ́ jẹ́ àwo tí ń yí, ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan. Apá kékeré kan ni ó ń rìn lórí rẹ̀ láti ka fáìlì. Bí a bá fọ́n fáìlì kan káàkiri, apá náà yóò máa sáré kiri, a ó sì pẹ́. Bí a bá tò ó jọ, ó lè yára. Ṣùgbọ́n SSD òde òní kò ní àwo, kò sì ní apá. Bí fáìlì ti wù kí ó fọ́n ká tó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀. Títò ó jọ ní àtòtúntò kàn ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lásán ni.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa, ohun méjì ni ó ń mú ìyára tí ojú lè rí wá: kí á fi kún RAM níbi tí ó ti kéré jù, kí á sì fi SSD rọ́pò díìsìkì aláwo. Díìsìkì aláwo a máa lo bí ìdá mẹ́wàá nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó rí ohun tí a rán an. SSD kì í sábà lò tó ìdá kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún náà. Ó dà bí ìgbà tí a fẹ àtẹ ìyá oníṣòwò, tí a sì gbé yàrá ìkẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Bẹyẹrunka wá sí ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ìyára ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Orúkọ IBM kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn, nítorí ní ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ náà dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá onímọ̀ IBM ní àkókò náà ni Gene Amdahl. Ní ọdún 1967, ó ṣe àlàyé kan tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ títí di òní: bí a bá mú apá kan nínú iṣẹ́ yára, èrè tí a ó jẹ kò lè ju ìwọ̀n tí apá náà kó nínú gbogbo iṣẹ́ lọ. Bí àpẹẹrẹ, ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti rí èsì ìdánwò rẹ̀ gbà. Íntánẹ́ẹ̀tì gba mẹ́fà, títẹ nọ́ńbà rẹ̀ àti wíwá káàdì gba mẹ́ta, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gba ẹyọ kan. Bí a bá mú ẹ̀rọ náà yára ní ìlọ́po méjì, ìdajì ìṣẹ́jú péré ni a jèrè. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ asárétete nítorí ọ̀nà Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba ní ọjọ́ tí ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà pa yóò mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ oògùn tí ó jẹ́ tòótọ́? Agogo tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá wà lórí fóònù. Kí a tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a sì kọ iye àkókò tí ó gbà nígbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí a wá yí ohun kan ṣoṣo padà. Kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́wàá, nítorí bí a bá yí mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan náà, a kò ní mọ èyí tí ó ṣe iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ìyàtọ̀ bá hàn gbangba, ẹ gbà á. Bí kò bá hàn, ẹ dá ohun tí ẹ yí padà sí ipò rẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àfojúbà pàápàá kò sì tó ohun tí a fi agogo wọ̀n.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ń sọ. Láti ọdún 2015 ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó fún ìdánwò JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, nítorí náà kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun ìṣeré mọ́ nínú ilé tálákà. Òbí tí ó fi èrè àtẹ rẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún ọmọ kò ní owó tí yóò dà sínú omi. Bí ó bá san owó fún ìfọ̀nù tí kò ṣe ohunkóhun, owó tí ìbá fi ra RAM ni ó ti lọ yẹn. Òmíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò ìyára tí a ń pín lórí fílááṣì kiri ni fáírọ́ọ̀sì wà nínú wọn, àwọn kan nínú àwọn olóògùn yìí sì máa ń pa ètò ààbò ẹ̀rọ kí ó lè “fúyẹ́.” Ẹni tí ó yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kò ṣe àṣìrò afẹ́fẹ́, olè ni kò ṣírò.

Ní ìparí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kò ní lo Windows kan náà títí ayé. Àtìlẹ́yìn tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn ti dópin ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025. Òmíràn ti rọ́pò rẹ̀, òmíràn yóò sì tún rọ́pò èyíinì. Àwọn oògùn ìyára tuntun yóò máa jáde bí ètò tuntun bá ti ń jáde. Ohun tí kò ní yí padà ni ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí ẹ máa bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ wá: ibo gan-an ni ìdádúró wà? Ọ̀nà wo ni oògùn yìí gbà kàn án? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ó dín kù? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí owó yín wà ní àpò yín.